Ajá wa ń mú Bàbá rìn láìsí ẹni tó kọ́ ọ: ká jẹ́ kó máa ṣe é lọ ni àbí ká dá a dúró?

Àbíkẹ́_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Bàbá mi ń gbé ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, glaucoma ló mú wọn lójú. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn, nígbà tá a máa fi gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, èyí tó lọ ti lọ, báyìí òjìji lásán ni wọ́n ń rí. A ní ajá kan nílé, Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀, ajá ìbílẹ̀ ni o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wá nígbà tó ṣì kéré pé kó máa ṣọ́lé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Àmọ́ látìgbà tójú Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í burú, ajá yìí ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Gọ́tà wà níwájú ilé wa, wọ́n fi sìláàbù bò ó àmọ́ ọ̀kan ti já sínú. Tí Bàbá bá ń jáde, Tanímọ̀la á ṣáájú díẹ̀, tó bá ti dé etí gọ́tà á yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn, á fi gbogbo ara ti orúnkún wọn, kò ní kúrò níbẹ̀ títí Bàbá á fi fẹsẹ̀ wá ibi tí sìláàbù tó dáa wà tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn lòun náà á tó kọjá. Bàbá á ní "o ṣé, ọmọ mi", wọ́n á fọwọ́ pa á lórí. Tí bàtà wọn bá wọ abẹ́ àga, á lọ fẹnu gbé e jáde. Tí wọ́n bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà, iwájú agbada gan-an ló ń mú wọn dé.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Bàbá ní àwọn fẹ́ máa bá a jáde lọ sí Kútọ̀, àwọn méjèèjì nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ajá á lọ pa Bàbá sí títì. Màmá ní Ọlọ́run ló rán ajá náà. Èmi ò mọ ti ta ni kí n ṣe. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ṣọjí_OkèÌléwó

Òótọ́ ni Màmá yín sọ. Ajá gbọ́n ju bá a ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọlu ilé gogoro méjì yẹn ní New York, September 11, 2001, ọkùnrin kan tí ò ríran wà ní àjà 78, Michael Hingson lorúkọ ẹ̀, ajá ẹ̀ tó ń jẹ́ Roselle wà lábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì ẹ̀ tó ń sùn. Àtẹ̀gùn ni wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, èéfín, òórùn epo ọkọ̀ òfuurufú, èèyàn ń pariwo, ajá náà ò ya ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ajá yín ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Kọ́lá_Ọ̀páFunfun

Àbúrò Àbíkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Èmi gan-an ò ríran láti kékeré, Pacelli, ilé ìwé àwọn tí ò ríran ní Sùúrùlérè l'Ékòó, ni mo ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá funfun ni mo fi ń rìn káàkiri Abẹ́òkúta yìí, Sápọ́n, Ìbarà, Pánṣẹ́kẹ́, kò síbi tí mi ò dé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ṣọjí, Roselle tó o dárúkọ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajá tó ń mú afọ́jú rìn ni wọ́n ti kọ́ ọ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ìwọ ń fi ajá tí wọ́n kọ́ wé èyí tí wọn ò kọ́, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Àti pé Hingson mọ ilé yẹn dáadáa, ó mọ ibi tí gbogbo àtẹ̀gùn wà, òun ló ń sọ fún ajá ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Ajá kì í mọ ibi tó o fẹ́ lọ. Ìwọ lo ní láti mọ ọ̀nà lórí ara ẹ, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó má jẹ́ kó o kọlu nǹkan.

Títì ńkọ́? Ajá kì í ka iná títì. Ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ẹni tó ń rìn ló máa tẹ́tí sí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, òun ló máa ní ó yá. Ajá tí wọ́n kọ́, tó bá rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, á kọ àṣẹ yẹn, kò ní gbéra. Oṣù gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nìyẹn. Ní Kútọ̀ níbi tí ọ̀kadà ti ń gba wọ́n-wéè wá bá ọ láti ẹ̀yìn, ẹ fẹ́ fi Bàbá lé ajá ilé lọ́wọ́?

Òmíràn tún wà. Ajá ò ga. Páànù tí wọ́n fi ṣe ìbòòji ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pá agboòrùn àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹnu bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ṣí sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni ajá ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá ní tiẹ̀, orí Bàbá ló máa lọ gbá a. Ilé ẹ̀kọ́ máa ń dìídì kọ́ ajá láti máa wo òkè fún ọ̀gá ẹ̀. Tanímọ̀la ò ní dá ìyẹn kọ́ láéláé.

Ẹ ra ọ̀pá fún Bàbá kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Dọ̀tun_Láfẹ́nwá

Mo fara mọ́ ti bọ̀dá Kọ́lá. Ẹ má bínú o, àmọ́ ọ̀rọ̀ alákàrà yẹn, kì í ṣe Bàbá ni ajá ń mú lọ, ara ẹ̀ ló ń mú lọ. Ẹ bi ìyá alákàrà bóyá kì í ju èyí tó fọ́ sí i.

ÌyáTóní_Manchester

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Ìjemọ̀ nilé bàbá mi, Manchester ni mò ń gbé. Ajá ló ń mú mi rìn, èyí tí mo ní báyìí ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, Labrador dúdú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Kọ́lá sọ nípa títì àti nípa nǹkan tó wà lókè orí, kẹ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni "láéláé" yẹn. Àwọn ajá yìí máa ń dá nǹkan kọ́, ohun tí mo mọ̀ dájú ni.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn nìwọ̀nyí: kó rìn tààrà, kó dúró létí títì àti níbi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, kó yí òpó àti èèyàn ká, kó wá ẹnu ọ̀nà. Kó tó débẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ, ilé àwọn èèyàn tó ń fi ọ̀fẹ́ tọ́ ọ ló máa wà, kí ariwo ọkọ̀ àti ọmọdé mọ́ ọn lára. Tó bá wá dé ọwọ́ ẹni tó ni ín tán, ẹ̀kọ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ tí ẹnì kankan ò kọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ajá mi àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá àga nínú bọ́ọ̀sì. Tá a bá wọlé èmi ni mo máa ń fọwọ́ tálẹ̀ wá àga, tí mo bá jókòó màá yìn ín, màá fọwọ́ rà á létí. Ká tó wí ká tó fọ̀, òun ló ń lọ gbé àgbọ̀n lé orí àga tó ṣófo. Màá fi ọwọ́ tọ ẹ̀yìn ẹ̀ dé orí, láti orí dé àgbọ̀n, ibi tí àgbọ̀n bá wà ni màá jókòó sí. Tí kọ́kọ́rọ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ mi tí mi ò mọ̀, kò ní gbéra, mo lè fà á títí, orí kọ́kọ́rọ́ ló máa dúró sí. Nígbà tí mo lóyún Tóní, òun fúnra ẹ̀ ló dín ìrìn ẹ̀ kù, mi ò sọ ọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo mọ obìnrin kan níbí tó ní àtọ̀gbẹ, tí ajá ẹ̀ máa ń fi imú ti ọwọ́ ẹ̀ léraléra tí ṣúgà ẹ̀ bá ti fẹ́ lọ sílẹ̀. Wọ́n lè kọ́ ajá níṣẹ́ yẹn, torí òórùn ara àti èémí èèyàn máa ń yí padà, àmọ́ tiẹ̀ dá a kọ́ ni. Kò tìtorí ìyẹn ju mítà tó fi ń wọn ṣúgà nù o, ajá lè sùn, ó lè rẹ̀ ẹ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tọ̀sán tòru lajá ń wò wá. Ó ń gbọ́ bí èémí wa ṣe ń lọ, ó ń mọ̀ tí ọwọ́ tá a fi dì í mú bá le. Tó bá ṣe nǹkan kan tí ara wa wá rọ̀, tá a sì yìn ín tàbí tó rí nǹkan jẹ níbẹ̀, á tún un ṣe lọ́la. "O ṣé, ọmọ mi" tí Bàbá ń sọ létí gọ́tà yẹn, ẹ̀kọ́ ni, wọn ò kàn mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ọ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń kọ́ èyí tí ò dáa. Ajá tí mo ní báyìí, alápatà kan wà tó máa ń fún un ní egungun, ó di pé ká ṣáà ti dé àdúgbò yẹn, á ti yà, á fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù tí mi ò ní nǹkan kan í rà níbẹ̀. Mo bẹ alápatà pé kó jọ̀ọ́ kó dáwọ́ dúró, tá a bá sì ti kọjá ibẹ̀ tán láìyà ni mò ń fún un ní bisikíìtì. Dọ̀tun, ó ṣeé ṣe kí tìẹ jẹ òótọ́, kó jẹ́ àkàrà ló ń wá, ìyẹn ò ní kí Bàbá má débi tí wọ́n ń lọ. Ohun tó máa bà á jẹ́ ni kí ìyá alákàrà máa fún un lọ́jọ́ tí Bàbá ò ránṣẹ́ síbẹ̀.

Dókítà_Ẹran_Ọbáńtokò

Ẹ kú àṣeyọrí o. Dókítà ẹran ni mí, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ gidi, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Kẹ́ ẹ tó pinnu nǹkan kan, ẹ dán ajá yìí wò. Ẹ mú Bàbá àti òun lọ síbi gọ́tà mìíràn tí wọn kì í dé, kí ẹni tó ríran di ọwọ́ Bàbá mú ṣinṣin, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má fa okùn, kẹ́ ẹ máa wò ó. Ajá lè mọ nǹkan dunjú níbì kan kó má mọ̀ ọ́n níbòmíràn. Ẹni tó ń kọ́ ajá kó máa jókòó nínú pálọ̀, tó bá dé àgbàlá, àfi kó tún un kọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, lọ́dọọdún ni o. Ajá tó ń dé àárín èèyàn tó sì ń fara kan àgbàlagbà, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ láìgbà á, kẹ́ ẹ sì tọ́jú káàdì ẹ̀. Ẹ máa wo abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ fún eégbọn. Tóòrùn bá mú, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì, tẹ́ ò bá lè fi í síbẹ̀ kẹ́ ẹ ka ení dé èje, á jó ajá lẹ́sẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa jáde.

Ní ti pé ajá ìbílẹ̀ ni, ìyẹn ò ní kó má lóye. Labrador, golden retriever àti German shepherd ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò jù torí pé ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n tóbi tó láti darí èèyàn, wọ́n sì ń bí wọn fún un láti ìran dé ìran. German shepherd ni àwọn ará Jámánì lò nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Oldenburg lọ́dún 1916 fún àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú, òun náà ni Buddy tó mú Morris Frank, ọkùnrin kan tí ò ríran, rìn ní Amẹ́ríkà láti 1928. Ajá ìbílẹ̀ wa fúyẹ́, tẹ́nì kan bá fẹ́ ṣubú kò lè gbé e ró. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá fara tì í.

Ọdẹ_Òdẹ̀dá

Mo kí gbogbo yín. Bàbá mi ọdẹ ni, èmi náà ń dẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá sọ pé ajá ò lè dá nǹkan kọ́, kò tíì bá ajá wọ ìgbẹ́. A ní ọ̀kan nígbà kan tó jẹ́ pé tí àwọn ajá yòókù bá ń lé ẹran, òun ò ní bá wọn sáré, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ dúró síbi tí ẹran máa gbà jáde. Ta ló kọ́ ọ? Ó rí i bí ẹran ṣe ń sá, ó ronú ẹ̀.

Ẹ so ṣaworo mọ́ Tanímọ̀la lọ́rùn bá a ṣe ń so ó mọ́ ajá ọdẹ, Bàbá á máa gbọ́ ibi tó wà. Ẹ má sì jẹ́ kó máa dá jáde lálẹ́. Ẹ mọ̀ pé ajá lẹran Ògún, àwọn tó ń jí ajá tà sì wà.

Kọ́lá_Ọ̀páFunfun

Bàbá ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́. Ṣaworo nínú ilé, ó dáa. Àmọ́ lójú ọ̀nà rárá o, etí lojú wa. Kẹ̀kẹ́ Máruwá tó ń bọ̀ láti iwájú, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣaworo tó ń dún lẹ́sẹ̀ mi á bo ohùn ẹ̀.

ÌyáTóní_Manchester

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo bá tú ajá mi sílẹ̀ nínú pápá pé kó lọ ṣeré nìkan ni mò ń so agogo kékeré mọ́ ọn. Tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ti bọ́ ọ.

Alhaja_Adátán

Sálámù àlékùmù. Àbíkẹ́, ṣé Bàbá ń kírun? Tí wọ́n bá ń lọ sí mọ́sálásí, kí ọmọ kan bá wọn lọ, kí ajá dúró nílé. Kì í ṣe pé ẹ̀sìn kórìíra ajá o, èyí tó ń ṣọdẹ àti èyí tó ń ṣọ́ ẹran àti oko, wọ́n fàyè gbà á, àmọ́ itọ́ ẹ̀ lára aṣọ ìrun, àwọn àlùfáà ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Ẹ bi àlùfáà yín. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ajá, èmi wà lára wọn. Tí mo bá rí Bàbá àti ajá níwájú, màá sá gba òdìkejì títì ni. Kí okùn máa wà lọ́rùn ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tó bá ń rìn láìsí okùn ọ̀gá ọlọ́kadà kan lè sọ òkúta lù ú.

Àbíkẹ́_Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á máa tọ́jú ilé gbogbo yín. Bàbá ń kírun, Alhaja, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń mú wọn lọ sí mọ́sálásí.

A ti ṣe ohun tí dókítà ní ká ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ Bàbá mú, a gba ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó lọ sí apá Sápọ́n, ibẹ̀ gọ́tà fẹ̀ díẹ̀ kò sí sìláàbù. Tanímọ̀la dé etí ẹ̀, ó fò ó kọjá, ó yíjú wo Bàbá láti òdìkejì bíi pé kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní "ṣé o ti rí i báyìí". A tún padà sílé, níwájú ilé wa ó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é, ó fara ti orúnkún wọn, kò yẹ̀. Mo tún bi ìyá alákàrà, wọ́n ní àwọn máa ń fún un ní àkàrà lóòótọ́, láàárọ̀ láàárọ̀.

Ó dùn mí díẹ̀, torí inú Bàbá ò dùn lójú ọ̀nà. Ṣé kò sí bá a ṣe lè kọ́ ọ síwájú sí i ni?

Ṣọjí_OkèÌléwó

Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Tó bá lè kọ́ gọ́tà kan, ó lè kọ́ ìkejì. Èmi ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ.

ÌyáTóní_Manchester

Àbíkẹ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní ti Tanímọ̀la, iwájú ilé yín ni ẹ̀kọ́ wà, torí ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń dúró, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìn ín. Gọ́tà kejì ò tíì fún un ní nǹkan kan. Ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo, ká ní láti ilé dé ọ̀dọ̀ alákàrà, tàbí dé ilé ọ̀rẹ́ Bàbá tó wà nítòsí. Kí ẹni tó ríran wà pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìgbà. Ibi gbogbo tí gọ́tà tàbí àtẹ̀gùn bá wà lọ́nà yẹn, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó dé etí ẹ̀, tí ajá bá dúró kí Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ etí ẹ̀, kí wọ́n ní "o ṣé, ọmọ mi" bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n fún un ní ẹran tí ò ju orí ìka lọ. Ẹ má lù ú tó bá fò ó, ẹ kàn padà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tún un rìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lóòjọ́ ti tó.

Ẹ bọ́ okùn ọrùn, ẹ rán ìgbànú tó gba àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀ fún un, àwọn tó ń rán báàgì ní Ìtòkú lè rán an. Tẹ́ ẹ bá ti dè é mọ́ ọn, iṣẹ́ ti yá, tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, ó lè lọ ṣeré. Kí àwọn ọmọdé má bá a ṣeré rárá tó bá wà lára ẹ̀. Kí ìyá alákàrà gbé àkàrà ajá lé Bàbá lọ́wọ́, kó jẹ́ ọwọ́ Bàbá ló máa ti jẹ ẹ́.

Títì ńlá, rárá o. Níbẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ohùn kan náà ni.

Kọ́lá_Ọ̀páFunfun

Ìyá Tóní, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn. Kí Bàbá fi ọ̀pá sọ́wọ́ ọ̀tún, ajá lápá òsì. Ọ̀pá á sọ bí ilẹ̀ ṣe rí fún wọn, á sì sọ fún ọlọ́kadà pé ẹni yìí ò ríran, torí kò sí ọlọ́kadà tó máa rí ajá ìbílẹ̀ tó máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Fún ohun tó wà lókè orí, ẹ rà wọ́n ní fìlà tó ní iwájú líle, kí wọ́n máa gbé ọwọ́ òfìfo síwájú ojú tí wọ́n bá ń gba abẹ́ páànù. Tí awakọ̀ kan bá ní òun ò gbé wọn torí ojú wọn, ẹ sọ fún un pé òfin wà, wọ́n fọwọ́ sí i ní January 2019, ó ní ìjìyà fún ẹni tó bá fi àìlera yan èèyàn sọ́tọ̀.

Àbíkẹ́_Ìtòkú

A ti fẹnu kò nílé. Kútọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa bá wọn wọ kẹ̀kẹ́ lọ, Tanímọ̀la ò lọ. Láti ilé dé ọ̀dọ̀ alákàrà ni wọ́n á máa fi ṣe ẹ̀kọ́, èmi láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló ní òun á ṣe é. Ìyá alákàrà ti gbà. Lọ́jọ́ Sátidé màá gbé ajá lọ gba abẹ́rẹ́. Bọ̀dá Kọ́lá, ọ̀pá yẹn, báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó? Ọ̀kan tí mo rí kúrú, ìbàdí Bàbá ló dé.

Kọ́lá_Ọ̀páFunfun

Ìyẹn ti kúrú jù, ẹ má rà á, wọ́n á máa tẹ̀ ba ni. Kí Bàbá nàró, kẹ́ ẹ gbé ọ̀pá dúró síwájú wọn láti ilẹ̀, kó dé egungun àárín àyà, ó lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ tí ìrìn wọn bá yá. Ẹ wo ìdí ẹ̀ náà, kó ní orí ike tó ṣeé pààrọ̀, torí ilẹ̀ olókùúta Abẹ́òkúta á tètè jẹ ẹ́. Ẹ fi inbọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi, màá wá kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń jù ú lọ́tùn-ún lósì, Ìtòkú ò jìnnà sí mi.